Òfin Oúnjẹ Kàn Wá Ju Ọ̀gá Lọ

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn òṣìṣẹ́ ilé búrẹ́dì sọ ní ìpàdé ẹ̀ka

A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀, oorun sì wà lójú yín. A ó gbìyànjú kí ọ̀rọ̀ wa má gùn jù.

Akọ̀wé ni ó ní kí a wá ṣe àlàyé òfin ìjọba lórí oúnjẹ títà. Nígbà tí wọ́n kéde rẹ̀ ní ìpàdé tí ó kọjá, àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Kí ni ó kan ẹni tí ń po ìyẹ̀fun nínú ọ̀rọ̀ NAFDAC? Ẹni tí ó ni békìrì ni kí ẹ lọ pè."

A kò bínú sí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilé búrẹ́dì kan tí a kò ní dárúkọ, níbi tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn aláyẹ̀wò dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n bá àpò ẹ̀lú funfun kan tí kò ní àkọlé nínú yàrá tí a ń kó nǹkan sí. Wọ́n mú díẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n mú búrẹ́dì pẹ̀lú, wọ́n sì fi èdìdì ti ilẹ̀kùn pa. Ọ̀gá ní ilé epo kan ní ìgboro, nítorí náà ebi kò pa á. Àwọn tí ń po ìyẹ̀fun, àwọn tí ń dáná, àwọn tí ń kó búrẹ́dì sínú ọkọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi jókòó sílé láìgba kọ́bọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, ọ̀gá ní kí olúkúlùkù máa dúpẹ́ pé iṣẹ́ òun ṣì wà. Ẹnikẹ́ni kò bi àwọn òṣìṣẹ́ léèrè kí wọ́n tó ra àpò náà, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n san gbèsè rẹ̀. Ẹ dákun, ta ni òfin oúnjẹ kàn?

Òfin yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Kí a tó gbọ́ orúkọ NAFDAC ni wolé-wolé ti wà. Àwọn àgbà tí ó jókòó síhìn-ín rántí bí àwọn ìyá wa ti ń sáré bo ìkòkò nígbà tí wọ́n bá gbọ́ pé wolé-wolé ti wọ àdúgbò. Ní 1974 ni ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin oúnjẹ àti oògùn, ó sì ṣì wà títí di òní. Òfin náà sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta oúnjẹ tí nǹkan olóró wà nínú rẹ̀, tàbí èyí tí ó ti bàjẹ́, tàbí èyí tí a ti fi àbùlà bà jẹ́. Kò gbọdọ̀ sí ẹni tí yóò ṣe oúnjẹ, tàbí kí ó dì í, tàbí kí ó kó o pamọ́ fún títà, níbi tí ó dọ̀tí. Ẹ tún un gbọ́: kí a ṣe é, kí a dì í, kí a kó o pamọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ ta ni ìwọ̀nyí? Ọ̀gá kì í po ìyẹ̀fun.

Ní 1993 òfin méjì jáde. Ọ̀kan ni ó dá NAFDAC sílẹ̀. Èkejì sọ pé oúnjẹ tí a ṣe nílé iṣẹ́, a kò gbọdọ̀ tà á, a kò gbọdọ̀ polówó rẹ̀, a kò gbọdọ̀ kó o wọ̀lú, àfi bí a bá ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ọdún márùn-ún ni ìwé ìforúkọsílẹ̀ náà ń lò, a ó sì tún un ṣe. Ohun tí wọ́n kọ sínú òfin náà ní 1993 ni pé ẹni tí ó bá rú u lè san ìtanràn tí kò ju 50,000 náírà lọ, tàbí kí ó ṣe ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún 2 lọ, tàbí méjèèjì. Ti ilé iṣẹ́ jẹ́ 100,000 náírà. Owó ńlá ni nígbà náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń já fùláwà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ mọ iye àpò tí ó lè rà lónìí. Kì í ṣe ìtanràn ni ọ̀gá ń bẹ̀rù, èdìdì ẹnu ọ̀nà ni. Èdìdì yẹn náà sì ni ó ń mú ebi wọ ilé wa.

Àwọn mẹ́ta ni ó lè kan ilẹ̀kùn, ó sì yẹ kí a dá wọn mọ̀. Àkọ́kọ́ ni wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀. Òfin ìpìlẹ̀ 1999 pàápàá dárúkọ ilé búrẹ́dì. Ó fi àbójútó rẹ̀, pẹ̀lú ti ilé oúnjẹ àti ṣọ́ọ̀bù, sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ojú ọ̀gbàrá, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, omi, eku, aáyán, ìwọ̀nyí ni ti wolé-wolé. Èkejì ni NAFDAC, tí ó ń wo ohun tí ó wà nínú búrẹ́dì, nọ́ńbà rẹ̀, àkọlé rẹ̀ àti bí a ti ṣe é. Ẹ̀kẹta ni SON, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1971, àwọn ni wọ́n ń fi ìwọ̀n lélẹ̀ fún ọjà: bí fùláwà ti gbọ́dọ̀ rí, ohun tí ó yẹ kí ó wà nínú rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀ ni ó fi di dandan láti 2002 pé kí a fi fítámì A sí fùláwà, ṣúgà àti òróró.

Àwọn kan yóò ní gbogbo wọn, owó ẹ̀yìn ni wọ́n ń wá. A kò ní purọ́ fún yín pé kò sí irú wọn. Ṣùgbọ́n òfin fún aláyẹ̀wò tòótọ́ ní àṣẹ láti wọlé ní wákàtí tí ó bójú mu, láti ṣí àpò, láti mú díẹ̀ lọ yẹ̀ wò, àti láti gbẹ́sẹ̀ lé ohun tí ó bá lòdì. Ẹni tí ó bá dí i lọ́wọ́ ti ṣẹ̀. Òfin kan náà ni ó ní kí ó mú ìwé àṣẹ rẹ̀ jáde bí a bá béèrè. Nítorí náà, bí ó bá dé lóru tí ọ̀gá kò sí nítòsí, ẹ má ṣe tìlẹ̀kùn mọ́ ọn, ẹ má sì ṣe dáwó jọ fún un. Ẹ fi sùúrù béèrè ìwé rẹ̀, ẹ kọ orúkọ àti wákàtí sílẹ̀, ẹ pe máníjà. Bí ó bá sì bi yín léèrè ohun tí ẹ fi po ìyẹ̀fun, ẹ sọ òtítọ́. Ìwé adéhùn iṣẹ́ kankan kò sọ pé kí òṣìṣẹ́ máa bá ọ̀gá purọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ̀rọ̀ àpò funfun náà, nítorí níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Buróméètì ni gbogbo wa ń pè é, orúkọ rẹ̀ gan-an ni potassium bromate. Ó funfun bí iyọ̀ lílọ̀. Bí a bá fi sínú ìyẹ̀fun, ìyẹ̀fun náà yóò lágbára, yóò máa fà láìjá, yóò di atẹ́gùn ìwúkàrà mú sínú, búrẹ́dì yóò sì ga fíofío. Ẹni tí ó bá rí i lọ́jà yóò rò pé ó pọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní ilẹ̀ púpọ̀ ní àgbáyé, àwọn ọlọ́lọ fùláwà fúnra wọn ni wọ́n ń fi sí i, kò sì sí ẹni tí ó bá wọn wí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni àwọn onímọ̀ ní Japan fi í sínú omi tí eku ń mu, eku náà sì ní jẹjẹrẹ ní kíndìnrín. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin dè é ní 1990. Ní 1992 ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí àjọ oúnjẹ àgbáyé àti àjọ ìlera àgbáyé jọ gbé kalẹ̀ sọ pé kò yẹ kí a fi sí fùláwà mọ́. Ní 1999 àjọ àgbáyé tí ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ kọ ọ́ mọ́ àwọn ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Ara ẹranko ni wọ́n ti rí i dájú, kì í ṣe ara ènìyàn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fẹ́ kí a fi ọmọ òun wò ó? Orílẹ̀-èdè wa náà fòfin dè é, ẹ sì rántí bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Dora Akunyili, tí ó jẹ́ olórí NAFDAC láti 2001 sí 2008, ti dojú ìjà kọ ọ́.

Ohun tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀gá ni pé, "Iná á jó o tán." Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tí ó mọ iṣẹ́. Òótọ́ ni pé bí ó bá kéré gidigidi, tí ààrò gbóná dáadáa, tí búrẹ́dì sì pẹ́ tó nínú rẹ̀, èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ yóò yí padà di nǹkan mìíràn tí kò léwu bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni a fi ń wọ̀n ọ́ níbi iṣẹ́? Ìdérí agolo ni, tàbí ìkúnwọ́, ọwọ́ ọ̀kan sì tóbi ju ti èkejì lọ. Ààrò wo ni? Ààrò onígi, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń jó tí iwájú rẹ̀ tutù. Ìgbà wo ni? Aago mẹ́rin ìdájí, tí àwọn oníbúrẹ́dì ti tò sí ẹnu ọ̀nà tí máníjà ń pariwo pé kí a fà á jáde. Ó ku síbẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà ni òfin kò fi sọ pé kí a fi díẹ̀ sí i. Ohun tí ó sọ ni pé a kò gbọdọ̀ fi sí i rárá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń pò ó, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Kì í ṣe ẹni tí ń jẹ búrẹ́dì nìkan ni ó wà nínú ewu. Àwọn tí ó ti ṣèèṣì gbé buróméètì mì lọ́pọ̀, kíndìnrín wọn dáṣẹ́ sílẹ̀, etí àwọn mìíràn sì di pátápátá. Ohun tí ó lè ṣe báyìí ni a ń fi ọwọ́ lásán bù, tí a ó sì fi ọwọ́ kan náà jẹ ẹ̀bà ní ìsinmi.

Kí ni a lè fi rọ́pò rẹ̀? Ascorbic acid wà, fítámì C inú ọsàn ni, òun náà ń mú ìyẹ̀fun lágbára, òfin sì gbà á. Ìwúkàrà tí ó dára wà. Ṣùgbọ́n èyí tí ó tóbi jù nínú wọn ni àsìkò. Ìyẹ̀fun tí a pò dáadáa, tí a yí nínú ẹ̀rọ tó, tí a sì fi sílẹ̀ kí ó wú bí ó ti yẹ, yóò ga. Ibí ni ọ̀rọ̀ oúnjẹ ti di ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́. Bí ọ̀gá bá fẹ́ ìpò mẹ́fà lóru kan níbi tí ọwọ́ àti àsìkò tó fún mẹ́rin, ó ní láti wá ohun tí yóò fi dípò wákàtí àti dípò òṣìṣẹ́ méjì tí ó kọ̀ láti gbà sí iṣẹ́. Ohun náà ni ó wà nínú àpò funfun. Nígbà tí a bá ń bèèrè pé kí wọ́n fi ènìyàn kún wa lóru, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún wa pé ọ̀lẹ ni a jẹ́. Òfin oúnjẹ wà lẹ́yìn wa.

Báwo ni òṣìṣẹ́ yóò ṣe mọ ohun tí ó wà nínú àpò? Kí ó wo àkọlé rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní improver kò burú fúnra rẹ̀, bí ó bá ní orúkọ ẹni tí ó ṣe é, ohun tí ó wà nínú rẹ̀, àti nọ́ńbà NAFDAC. Èyí tí wọ́n tú sí náílọ́ọ̀nù lọ́jà, tí wọ́n so lẹ́nu, ẹ má pò ó. Ẹ sọ fún ṣọ́ọ̀pù síwáàdì yín kí ó bá máníjà sọ ọ́. Ẹ má ṣe dá a sọ, kí wọ́n má baà yọ yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ 2008, nígbà tí oògùn eyín àwọn ọmọdé pa ọmọ tí ó lé ní 50 ní orílẹ̀-èdè yìí. Ẹni tí ó ṣe oògùn náà kò sọ pé òun fẹ́ pa ọmọ ẹnikẹ́ni. Èròjà kan tí wọ́n rà fún un ni kì í ṣe ohun tí wọ́n pè é. Oró tí a ń rí nínú omi ìtutù ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ni ó wà nínú rẹ̀. Oògùn ni tiwọn, búrẹ́dì ni tiwa, ọ̀nà tí ibi gbà wọlé kò yàtọ̀.

A ó fi ẹsẹ̀ kan kọjá lórí àkọlé búrẹ́dì. Lára náílọ́ọ̀nù, ó gbọ́dọ̀ ní orúkọ oúnjẹ, orúkọ àti àdírẹ́sì ilé iṣẹ́, àwọn èròjà láti orí èyí tí ó pọ̀ jù dé èyí tí ó kéré jù, ìwọ̀n rẹ̀, ọjọ́ tí a ṣe é àti ọjọ́ tí yóò kú, nọ́ńbà NAFDAC, àti nọ́ńbà bááṣì, èyí tí ń sọ ìpò tí búrẹ́dì náà ti jáde. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni òfin ní kí a kọ ọ́. Èdè mìíràn lè tẹ̀ lé e. Àwọn ìyá wa kan ń ti ọjọ́ mọ́ náílọ́ọ̀nù láìlè ka ohun tí wọ́n tì. A kò fi ṣe ẹ̀sín. Ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ ni púpọ̀ nínú àwa olóyè ti kọ́ ìwé tí a ń kà, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ṣì wà ní ṣíṣí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé òǹtẹ̀ fún yín tí ó ní ọjọ́ ọ̀la lórí búrẹ́dì òní, ẹ bèèrè. Nọ́ńbà bááṣì yẹn pàápàá, ààbò òṣìṣẹ́ ni. Bí búrẹ́dì bá ṣe ẹnìkan léṣe, tí kò sí nọ́ńbà, gbogbo wa ni a ó jọ rù ú. Bí nọ́ńbà bá wà, tí ìwé ìpò sì wà tí ó sọ iye fùláwà, iyọ̀, ṣúgà, ìwúkàrà, àti ẹni tí ó gbé èròjà jáde, ọ̀rọ̀ yóò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ni ín.

Ìmọ́tótó ńkọ́? Ẹ ti mọ èyí tí ó pọ̀ jù níbẹ̀: kí a fọ ọwọ́, kí a bo irun, kí a má wọ òrùka nídìí ìyẹ̀fun. Ṣùgbọ́n kí ọ̀gá má fi ìwé "Fọ Ọwọ́ Rẹ" mọ́ ara ògiri níbi tí kò sí omi. Ìwé ìlera tí NAFDAC ń béèrè fún àwọn tí ń fọwọ́ kan oúnjẹ, ilé iṣẹ́ ni ó ń wá ìwé náà, ilé iṣẹ́ ni kí ó san owó àyẹ̀wò rẹ̀. A gbọ́ pé ibì kan ń yọ ọ́ nínú owó iṣẹ́. Kí wọ́n dá a padà.

Ẹni tí inú ń ṣe, tí ó ń ṣe ìgbẹ́ gbuuru, tàbí tí egbò wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò gbọdọ̀ sún mọ́ oúnjẹ. Gbogbo ènìyàn gbà bẹ́ẹ̀. Kí ló wá dé tí ó fi ń wá síbi iṣẹ́? Nítorí pé bí kò bá wá, kò ní rí owó ọjọ́ náà gbà. Ẹ jẹ́ kí gbogbo yín mọ̀ pé Òfin Iṣẹ́ tí ó ti wà láti 1974 sọ pé òṣìṣẹ́ tí ara rẹ̀ kò yá, tí dókítà tí ó forúkọ sílẹ̀ fún ní ìwé, yóò gba owó iṣẹ́ rẹ̀, títí dé ọjọ́ iṣẹ́ 12 nínú ọdún kan. Ẹ gba ìwé dókítà, ẹ mú un wá. Ọ̀gá tí ó bá yọ owó ọlọ́gbẹ́ inú ni ó fi àìsàn sínú búrẹ́dì.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò lówó. Òfin Iṣẹ́ yìí kan náà, ní ẹsẹ̀ 17, sọ pé ọ̀gá ní láti fún òṣìṣẹ́ ní iṣẹ́ ní gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ bá wá tí ara rẹ̀ sì le. Bí kò bá rí iṣẹ́ fún un, kí ó san owó ọjọ́ náà bí ẹni pé ó ṣe é. Àyè kan wà tí òfin fi sílẹ̀ fún ọ̀gá: bí ó bá jẹ́ wàhálà òjijì, tàbí ohun tí ó kọjá agbára ọ̀gá, tí kò sì ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, àfi bí ọ̀gá ẹ̀ka iṣẹ́ ti ìjọba bá fi kún un, owó ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan ni yóò san. Bí òjò bá gbé òrùlé lọ, a lè gbà pé ó kọjá agbára rẹ̀. Ṣé buróméètì tí ó fi owó ara rẹ̀ rà lọ́jà kọjá agbára rẹ̀ ni? Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀, ohun tí ẹ̀ka yóò sì sọ nìyẹn níwájú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ fiyè sí ohun kan: òfin ní òṣìṣẹ́ tí ó bá wá. Ẹ má ṣe jókòó sílé nítorí pé ẹ gbọ́ pé wọ́n ti tìlẹ̀kùn. Ẹ wá sí ẹnu ọ̀nà ní wákàtí yín, ẹ kọ orúkọ sínú ìwé tí ṣọ́ọ̀pù síwáàdì yóò mú lọ́wọ́, lójoojúmọ́.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìwé NAFDAC wà ní pẹpẹ, ọ̀gá ni kí ó lọ gbé e. Inú ẹ̀rọ ìpòyẹ̀fun ni kèrègbè, ọwọ́ wa ni ó ń wọ ibẹ̀.

Ìgbìmọ̀ ẹ̀ka ti kọ lẹ́tà kan tí yóò lọ sí ọ̀dọ̀ gbogbo ọ̀gá ilé búrẹ́dì tí ó wà lábẹ́ wa. Ohun mẹ́rin ni a béèrè: kí èròjà tí kò ní àkọlé má wọ yàrá ìkó-nǹkan-sí mọ́, kí ìwé ìpò wà nídìí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tí ó pò ó àti ẹni tí ó gbé èròjà fún un jọ fọwọ́ sí i, kí omi àti ọṣẹ wà, kí wọ́n sì kọ ẹsẹ̀ 17 sínú ìwé adéhùn wa pẹ̀lú àlàyé pé títì tí ìjọba bá ti ilé iṣẹ́ nítorí ohun tí ọ̀gá rà kì í ṣe ohun tí ó kọjá agbára rẹ̀. Lẹ́tà náà wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Kí ẹ tó lọ sùn, ẹ gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá kí ẹ fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò bá lè kọ orúkọ rẹ̀, íńkì wà lórí tábìlì, kí ó tẹ ìka.